Kí Ló Dé Tí Wọ́n Fi Ń Fa Oògùn Jẹjẹrẹ Sí Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Yá?

Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì nípa oògùn, ìbéèrè kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu wọn. Bí mo bá ti sọ pé àwọn ọkùnrin kan tí kò ṣàìsàn kankan jókòó kí wọ́n fa oògùn jẹjẹrẹ ọmú sí wọn nínú iṣan, ẹnì kan á nawọ́ sókè: "Prof, kí ni oògùn yẹn fẹ́ wò lára wọn?"

Ìdáhùn mi kì í gùn. Kò fẹ́ wo nǹkan kan. Wọn ò fún wọn torí àtiwo àìsàn. Ara wọn ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Àmọ́ ìdáhùn yìí máa ń bí ìbéèrè míì tó wúwo jù ú lọ. Ẹni tó gbé ara ẹ̀ sílẹ̀ pé kí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, tí kò sì ní rí ìwòsàn kankan gbà níbẹ̀, gbèsè wo ni àwọn tó ń lò ó jẹ ẹ́? Mo fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn méjèèjì lónìí.

Oògùn tí ohun ẹlẹ́mìí ń ṣe

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí oògùn fúnra rẹ̀. Pàrásítámọ́ọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, kẹ́míkà kékeré ni. Ilé iṣẹ́ èyíkéyìí tó bá mọ ìlànà rẹ̀ lè pò ó, èyí tí wọ́n ṣe ní Íńdíà àti èyí tí wọ́n ṣe ní Ọ̀tà kò ní yàtọ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí oògùn bẹ́ẹ̀ fi ń di olówó pọ́ọ́kú bí ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é bá ti parí.

Trastuzumab, tí orúkọ rẹ̀ lórí páálí ń jẹ́ Herceptin, kì í ṣe irú ìyẹn. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1998 fún jẹjẹrẹ ọmú tó ní àmì kan tí wọ́n ń pè ní HER2. Nínú obìnrin 100 tó bá ní jẹjẹrẹ ọmú, bí 15 sí 20 ni tiwọn ń ní àmì yìí. Prótíìnì ńlá ni oògùn náà. Bí ẹ bá gbé e sórí ìwọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ẹgbẹ̀rún ìgbà pàrásítámọ́ọ̀ kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tó lè fi kẹ́míkà pò ó nínú ìgò. Sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́mìí ni wọ́n ń fi ṣe é, sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú láti ara ẹranko kékeré kan bí eku, tí wọ́n ń tọ́jú nínú àgbá ńláńlá, tí wọ́n ń fún lóúnjẹ, tí wọ́n sì ń wo bó ṣe gbóná tó lọ́sàn-án lóru.

Ẹ ronú sí ògì. Ìyá méjì ra àgbàdo kan náà lọ́jà kan náà, wọ́n rẹ ẹ́, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sẹ́ ẹ. Ṣé ògì àwọn méjèèjì á kan bákan náà délẹ̀délẹ̀? Rárá o. Ohun ẹlẹ́mìí tí ojú ò rí ló ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀, omi yàtọ̀, ìkòkò yàtọ̀, ọjọ́ yàtọ̀. Kódà, ògì tí ìyá kan náà sẹ́ lọ́jọ́ Ajé àti èyí tó sẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì lè yàtọ̀ díẹ̀ síra wọn. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn onísẹ́ẹ̀lì rí. Ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe é gan-an kò lè ṣe àgbá méjì tó bára mu tán pátápátá.

Torí náà, bí ilé iṣẹ́ mìíràn bá ṣe tirẹ̀, wọn kì í sọ pé ìkan náà ni. Wọ́n á ní ó jọ ọ́. Òyìnbó ń pè é ní biosimilar. Èmi á máa pè é ní oògùn àfijọ, èyí tí a ń fi í wé á sì máa jẹ́ oògùn àkọ́ṣe. Ilẹ̀ Yúróòpù ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí irú rẹ̀ lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe fún un, Omnitrope, oògùn ìdàgbàsókè, ní oṣù kẹrin 2006. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí tiwọn àkọ́kọ́, Zarxio, ní oṣù kẹta 2015.

Kí ló ń mú wọn ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀? Owó ni. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí trastuzumab àfijọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní oṣù kejìlá 2019, wọ́n ní oògùn àkọ́ṣe ń náni tó 20,000 dọ́là lọ́dún, àti pé àfijọ máa ń fi nǹkan bí ìdá 65 nínú 100 dín ju ìyẹn lọ. Láti 2015 ni àjọ yìí kan náà ti kọ trastuzumab mọ́ àwọn oògùn tí kò yẹ kó wọ́n ní orílẹ̀-èdè kankan. Ẹ wá fi wé tiwa níbí, níbi tí ọ̀pọ̀ aláìsàn ti ń fi owó àpò ara wọn ra oògùn. Ìyàtọ̀ láàárín àkọ́ṣe àti àfijọ lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín kí obìnrin kan gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé, kó gba méjì kó dúró, tàbí kó má gba ìkankan rárá.

Ohun tí wọ́n ń wá gan-an

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀nà. Wọ́n rò pé ìdánwò oògùn àfijọ ń béèrè pé, "Ṣé oògùn yìí ń ṣiṣẹ́?" Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A ti mọ̀ pé trastuzumab ń ṣiṣẹ́. Àwọn obìnrin tó gbà á nínú àwọn ìdánwò àtijọ́ ti fi ara wọn dáhùn ìyẹn fún wa. Ìbéèrè tuntun ni pé: "Ṣé èyí tí ẹ̀yin ṣe ń rìn nínú ara bí ti àkọ́ṣe ṣe ń rìn?"

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ èèyàn, lábù ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n á ti wọn prótíìnì náà, wọ́n á wo bó ṣe ká, wọ́n á ka àwọn ẹ̀ka ṣúgà tó so mọ́ ọn, wọ́n á wo bó ṣe ń di HER2 mú. Ọgọ́rọ̀ ẹ̀rọ ló wà tó lè rí ìyàtọ̀ tó kéré gan-an. Àmọ́ ẹ̀rọ kan ò lè sọ ohun tí ẹ̀dọ̀, ẹ̀jẹ̀ àti àwọn ọmọ ogun ara á ṣe sí oògùn yẹn tí wọ́n bá rí i. Ara nìkan ló lè sọ ọ́.

Bí wọ́n ṣe ń bi ara ní ìbéèrè kò le. Wọ́n á fún ẹni náà ní oògùn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ní wákàtí àkọ́kọ́, ní ọjọ́ kejì, ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wọn iye oògùn tó kù. Bí ẹ bá fi àmì sí iye wọ̀nyí lórí bébà, tí ẹ sì fa ìlà pa wọ́n pọ̀, ẹ ó rí òkè kan tó gùn tó sì sọ̀ kalẹ̀. Ohun méjì ni wọ́n ń wò níbẹ̀: ibi tí orí òkè ga dé, àti gbogbo àyè tó wà lábẹ́ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àyè yẹn ló ń sọ àpapọ̀ oògùn tí ara rí. Bí òkè àfijọ àti ti àkọ́ṣe bá bára mu, ara ti jẹ́rìí.

Ṣé aláìsàn ò lè ṣe é ni?

Ó lè ṣe é, àmọ́ ẹ̀rí rẹ̀ máa ń dàrú. Obìnrin tó ní jẹjẹrẹ HER2 ń gbé ohun tí oògùn ń wá kiri sára. Bí ìṣù jẹjẹrẹ bá pọ̀, oògùn tó ń lẹ̀ mọ́ ọn á pọ̀, èyí tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ á dín. Ti obìnrin kejì kéré, tiẹ̀ á pọ̀. Ìkan ń gba oògùn jẹjẹrẹ míì pẹ̀lú rẹ̀, ìkan ò gbà á. Ìkan jẹun lánàá, ìkan ti ń bì fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí ẹ bá rí ìyàtọ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá oògùn ló fà á tàbí àìsàn.

Ẹni tí ara rẹ̀ yá dà bí omi tó tòrò. Òkúta kékeré tí ẹ bá jù sínú rẹ̀, ẹ ó rí ìrugùdù rẹ̀. Nínú odò tó ti ń ru tẹ́lẹ̀, ta ló máa mọ̀ pé ẹ ju nǹkan kan?

Ìdí kejì tún wà. Ọmọ ogun ara ẹni tó yá gágá wà lójúfò. Oògùn onísẹ́ẹ̀lì jẹ́ prótíìnì àjòjì, ara lè dìde sí i, kó pèsè ohun ìjà tó máa gbá oògùn náà dànù. Aláìsàn tó ń gba oògùn tó ń tẹ ọmọ ogun ara rì lè má fi èyí hàn, kódà tí oògùn àfijọ bá ní àbùkù. Ara tó le ló máa kọ́kọ́ kígbe.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní 1998, wọ́n yí ohun kékeré kan padà nínú Eprex, oògùn tí wọ́n ń fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti bà jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn lè pọ̀: wọ́n yọ prótíìnì ara èèyàn tí wọ́n fi ń gbé oògùn náà ró kúrò, wọ́n fi kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ polysorbate 80 rọ́pò rẹ̀. Láàárín ọdún mélòó kan, àwọn aláìsàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìṣòro tó burú: ara wọn dìde sí oògùn náà, ó sì tún dìde sí irú rẹ̀ tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè, ni ẹ̀jẹ̀ pupa kò bá wá láti inú mùdùnmúdùn egungun mọ́. Ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe é o, kì í ṣe ẹlòmíì. Ẹ̀kọ́ tí àwọn aláṣẹ oògùn rí kọ́ níbẹ̀ ni pé nínú oògùn ẹlẹ́mìí, kò sí ìyípadà tí wọ́n lè fojú kéré láìdán an wò.

Kì í ṣe gbogbo oògùn ni wọ́n lè fi dán ẹni tí ara rẹ̀ yá wò o. Rituximab ń pa ẹ̀yà ọmọ ogun ara kan run, ó sì lè gba oṣù bíi mélòó kí wọ́n tó padà. Kò sí ìgbìmọ̀ ọmọlúàbí tó máa gbà kí wọ́n fún ẹni tí kò ṣàìsàn. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ní àrùn oríkèé tó nílò rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìfiwéra rẹ̀.

Ọkùnrin 105

Àpẹẹrẹ kan tó gbajúmọ̀ ni trastuzumab àfijọ tí Pfizer ṣe, tó ń jẹ́ PF-05280014 nígbà náà, tó wá ń jẹ́ Trazimera báyìí. Ní 2014 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Ọkùnrin 105 tí ara wọn yá ló yọ̀ǹda ara wọn. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta bákan náà: àwọn kan gba àfijọ, àwọn kan gba Herceptin tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù, àwọn tó kù gba èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà. Kèké ló pín wọn. Kò sí ẹni tó yan tirẹ̀. Olúkúlùkù gba míligíráàmù 6 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tó bá wọn kílò 70, míligíráàmù 420 nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 70.

Ẹ ó béèrè pé, kí ló dé tó jẹ́ ọkùnrin nìkan fún oògùn tí obìnrin ń lò jù? Trastuzumab lè ṣe oyún inú léṣe. Ọkùnrin kò lè lóyún, nítorí náà, wọ́n mú ewu yẹn kúrò nílẹ̀ pátápátá.

Kí ló dé tí wọ́n fi pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta? Àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà fẹ́ kí wọ́n fi í wé èyí tí àwọn fọwọ́ sí, Yúróòpù náà fẹ́ tiwọn. Tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu, ìdánwò kan ti sọ̀rọ̀ fún ilẹ̀ méjèèjì, wọn ò ní gún àwọn ẹlòmíì láìnídìí.

Kí ló dé tí wọn ò fún ẹnì kan náà ní oògùn méjèèjì, ìkan lónìí, ìkan lẹ́yìn náà? Ìyẹn ni ìbá dára jù, torí ara kan náà ló máa fi wọ́n wéra. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún filgrastim, oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ funfun pọ̀, torí láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ni ìdajì rẹ̀ ti ń kúrò lára. Ti trastuzumab, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Ẹ óò dúró fún oṣù bíi mélòó kó tó tán lára, tí ara bá sì ti kọ́ bó ṣe lè gbógun ti èyí àkọ́kọ́, èkejì á jẹ ìyà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹnì kan, abẹ́rẹ́ kan.

Ìdánwò yìí yege. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tún fi oògùn náà wé àkọ́ṣe lára àwọn aláìsàn 707 tí jẹjẹrẹ ọmú wọn ti tàn ká. Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2018, Amẹ́ríkà ní 2019.

Ìtumọ̀ 80 sí 125

Òfin tí wọ́n fi ń sọ pé oògùn méjì bára mu wà láàárín 80 àti 125 nínú 100. Àwọn èèyàn gbọ́ èyí, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Oògùn àfijọ lè fi ìdá 20 kéré sí ojúlówó, wọ́n á ṣì fọwọ́ sí i!" Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ tèmi ṣàlàyé. N ò mú un láti inú ìdánwò kankan. Ká ní a pín àpapọ̀ oògùn tí ara rí nínú àfijọ sí ti àkọ́ṣe, a wá rí 97 nínú 100. Iye yìí nìkan kò tó, torí ìwọ̀nba èèyàn la dán an wò lára; tó bá jẹ́ àwọn mìíràn ni, ó lè jẹ́ 94 tàbí 101. Nítorí náà, a máa ń ṣírò ààlà méjì yí i ká, ibi tí òótọ́ ṣeé ṣe kó wà. Ká ní ààlà náà bẹ̀rẹ̀ láti 90 dé 105. Àtìsàlẹ̀ àtòkè rẹ̀ wà láàárín 80 àti 125, ó yege. Ṣùgbọ́n ká ní oògùn míì ní 88, tí ààlà tirẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 78 dé 99. Lójú ẹni tí kò mọ̀, 88 ti ju 80 lọ. Àmọ́ ẹsẹ̀ kan ti jáde sí ìta: 78. Ó ti kùnà nìyẹn.

Ẹ rí i pé gbogbo ààlà náà ló gbọ́dọ̀ wọlé. Oògùn tó bá fi ìdá 20 kéré lóòótọ́ kò lè rọ́nà kọjá. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ìdí tó fi jẹ́ 80 àti 125 dípò 80 àti 120, ìpín ni wọ́n ń wò: 80 jẹ́ mẹ́rin nínú márùn-ún, 125 jẹ́ márùn-ún nínú mẹ́rin. Ẹ yí ọ̀kan dorí kodò, ẹ ó rí èkejì.

Ewu ńkọ́?

N ò ní purọ́ pé kò séwu. Ẹni tí wọ́n fa trastuzumab sí lè ní orí fífọ́, òtútù, ibà, èébì. Oògùn náà lè fa ìpalára fún ọkàn, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ wo ọkàn ẹni náà kí wọ́n tó gbà á. Adalimumab, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Humira, lè jí ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti sùn sára dìde, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ wá ikọ́ náà kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Ẹ fi èyí sọ́kàn ní ilẹ̀ tiwa, níbi tí ikọ́ yìí pọ̀ sí.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ewu, ìṣẹ̀lẹ̀ London ni gbogbo ayé ń rántí. Ní 13 oṣù kẹta 2006, nínú ilé ìwòsàn Northwick Park, wọ́n fún ọkùnrin mẹ́fà tí ara wọn yá ní oògùn kan tó ń jẹ́ TGN1412. Àwọn méjì míì gba omi lásán. Kò tíì sí èèyàn kankan tó gba oògùn náà rí. Ìwọ̀n tí wọ́n fún wọn jẹ́ ìdá kan nínú 500 èyí tí ọ̀bọ gbà láìsí ìṣòro. Láàárín wákàtí méjì, gbogbo àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ń gbọ̀n, ọmọ ogun ara wọn ti ya wèrè, gbogbo wọn ló dé ibi ìtọ́jú pàjáwìrì. Wọn ò kú, ṣùgbọ́n ìkan pàdánù ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀. Nǹkan bí 2,000 pọ́n-ùn ni wọ́n ṣèlérí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bani, ìyàtọ̀ kan ni mo fẹ́ kí ẹ rí. TGN1412 jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí oògùn náà máa wọ ara èèyàn. Oògùn àfijọ ń tọ ipasẹ̀ oògùn tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún. A mọ ìṣe rẹ̀, a mọ ibi tó ti ń dunni. Ewu rẹ̀ kéré gan-an sí ti London. Síbẹ̀, kéré kì í ṣe òdo. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ni wọ́n tẹnu mọ́ ọn pé bí oògùn tuntun bá kọ́kọ́ ń wọ ara èèyàn, ẹnì kan ni kó kọ́kọ́ gbà á, kí wọ́n dúró wò ó kí àwọn tó kù tó gbà. Ní London, ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n fi tẹ̀ léra.

Gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n

Mo padà sórí ìbéèrè kejì. Aláìsàn tó wọ ìdánwò lè retí pé bóyá oògùn á ran òun lọ́wọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ yá kò ní irú ìrètí yẹn. Gbogbo èrè rẹ̀ nípa ìlera, òdo ni. Obìnrin tí kò ní rí láéláé ni èrè wà fún. Nítorí náà, ohun tí wọ́n jẹ ẹ́ jùlọ ni òtítọ́, ṣáájú owó.

Ní ilẹ̀ wa, a mọ bí ó ṣe ń rí tí iyèméjì bá wọ inú ọ̀rọ̀ òtítọ́ yẹn. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà ní Kano, Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé tó ń ṣàìsàn, nǹkan bí 200. Ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 ló kú. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn òbí fẹnu gbà á. Àwọn òbí ní wọn ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ní 2009, wọ́n bá Ìjọba Ìpínlẹ̀ Kano yanjú ẹjọ́ náà pẹ̀lú 75 mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn aláìsàn ni àwọn ọmọ yẹn, ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe irú èyí tí mò ń sọ lónìí. Àmọ́ ohun tó dá ìjà sílẹ̀ níbẹ̀ ló wà nínú gbogbo ìdánwò: ṣé ẹni náà mọ ohun tó ń wọ̀? Láti 2007 ni Nàìjíríà ti ní ìwé òfin orílẹ̀-èdè lórí ìwà tó tọ́ nínú ìwádìí ìlera, tó ní kí ìgbìmọ̀ kan yẹ ìwádìí wò kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀.

Nípa owó, ìlànà tó dára ni pé kí wọ́n san án fún àkókò, ọkọ̀, àti ìnira tí abẹ́rẹ́ ń fà. Kò gbọ́dọ̀ pọ̀ débi pé ẹni tí ebi ń pa á di ojú rẹ̀ sí ewu. Ó sì ní ohun míì tí owó ń fà. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ti ìdánwò kan bọ́ sí òmíràn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Oògùn àná ṣì wà lára wọn, tòní tún wọlé. Ó léwu fún wọn, ó sì ń ba ìwọ̀n jẹ́: òṣùwọ̀n tó ti ní ẹrù nínú tẹ́lẹ̀ kò lè sọ òótọ́. Gẹ̀ẹ́sì ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní TOPS, Faransé náà ní tirẹ̀, kí wọ́n lè rí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù síwájú yín, tàbí síwájú ọmọ yín, ní Lọ́ndọ̀nù tàbí níbikíbi, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè:

Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ tí oògùn yìí máa wọ ara èèyàn nìyí, àbí oògùn àfijọ ni? Èwo ni àkọ́ṣe rẹ̀?

Ìgbìmọ̀ wo ló yẹ ìwádìí yìí wò? Ẹ jẹ́ kí n rí ìwé wọn.

Oṣù mélòó ni oògùn yìí á fi wà lára mi? Kí ni mi ò gbọ́dọ̀ ṣe ní àkókò náà: abẹ́rẹ́ àjẹsára wo, ọtí, ọmọ bíbí?

Tí ara mi bá dìde sí oògùn yìí, tí èmi fúnra mi bá wá nílò irú rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú ńkọ́?

Tí mo bá fara pa, ta ló máa tọ́jú mi, ta ló sì máa sanwó? Ṣé mo lè jáde nígbàkigbà láìsọ ìdí?

Ìbéèrè kẹrin yẹn, ọ̀pọ̀ kì í bi í. Ó yẹ kí wọ́n bi í. Ara tó ti kọ́ bó ṣe ń lé adalimumab dànù lè má gbà á mọ́ bí àrùn oríkèé bá dé lẹ́yìn ogún ọdún. Dókítà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè kankan nínú wọ̀nyí. Èyí tó bá bínú ti dáhùn ná.

Ohun tó ń yí padà

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdánwò lára ẹni tí ara rẹ̀ yá jẹ́ àtẹ̀gùn tí wọ́n fi ń gun ìdánwò ńlá lára aláìsàn, irú ti àwọn 707 yẹn. Ìyẹn ń yí padà. Ní 2021, àwọn aláṣẹ oògùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé fún ọ̀pọ̀ oògùn àfijọ, ìdánwò ńlá náà lè má pọn dandan mọ́. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2022 náà gba ọ̀nà yẹn. Ní 2025, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù gbé àbá tó jọ ọ́ jáde. Ìdí wọn ni pé ẹ̀rọ lábù àti ara tó le ń rí ìyàtọ̀ kékeré tí ìdánwò ńlá kì í rí, bẹ́ẹ̀ ìdánwò ńlá ń gba ọ̀pọ̀ ọdún àti owó gọbọi tí aláìsàn ló máa san án nígbẹ̀yìn.

Mo gbà pé ìrònú wọn tọ̀nà. Oògùn á yára dé, owó rẹ̀ á dín. Àmọ́ ẹ kíyè sí ohun tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá yọ òpó kan kúrò lábẹ́ òrùlé, àwọn òpó tó kù ló máa gbé ẹrù rẹ̀. Ìdánwò kékeré lára àwọn bí ọgọ́rùn-ún èèyàn á di ẹ̀rí ńlá tí wọ́n máa fi gbé oògùn síwájú àwọn aláṣẹ, títí kan NAFDAC tiwa. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo kò lè sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń gbà á fún ọdún kan. Ọgọ́rùn-ún èèyàn kò lè fi ìṣòro tó ń ṣe ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá hàn. Èyí túmọ̀ sí pé iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń fún aláìsàn lóògùn náà kò parí síbi abẹ́rẹ́. Kí wọ́n kọ orúkọ orí páálí àti nọ́ńbà ìpò rẹ̀ sínú fáìlì aláìsàn, kì í ṣe "trastuzumab" nìkan. Tí ohun kan bá ṣẹlẹ̀, a gbọ́dọ̀ mọ àgbá tó ti wá.

Ní ti àwọn ọkùnrin 105 yẹn, kò sí ìwé tó kọ orúkọ wọn, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Wọ́n jókòó fún ìwọ̀nba wákàtí, àwọn kan gbọ̀n, orí fọ́ àwọn mìíràn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún ọjọ́ 70, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Obìnrin tó ń gba oògùn yẹn lónìí ní ìdajì owó tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ kò mọ ìkankan nínú wọn. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá tún bi mí pé kí ni oògùn yẹn wò lára wọn, ohun tí mo máa ń sọ fún un ni pé kó lọ ka fọ́ọ̀mù tí wọ́n fọwọ́ sí, kó wò ó bóyá wọ́n sọ òtítọ́ fún wọn nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.